Ṣé ọmọ Hágárì ni ọmọ ìyàwó kejì?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìyá mi ni ìyàwó kejì bàbá wa. Bàbá ti sùn láti ọdún tó kọjá, wọn kò sì fi ìwé ìhágún sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, oníwàásù kan ka Gálátíà orí 4 fún wa ní ìjọ, ó ní ọmọ ìyáálé ni ọmọ ìlérí, ọmọ ìyàwó tó wọlé lẹ́yìn ni ọmọ ẹran ara. Ọjọ́ kejì ni ọ̀kan nínú àwọn ọbàkan mi fi ẹsẹ 30 ránṣẹ́ sí gúrúùpù WhatsApp ẹbí: 'Lé ẹrúbìnrin náà jáde àti ọmọ rẹ̀.' Mùsùlùmí ni àwọn òbí tó bí ìyá mi, àwọn kan sì ń sọ pé àsọtẹ́lẹ̀ nípa wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ Íṣímáẹ́lì. Ṣé lóòótọ́ ni Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n fèsì?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tu gbogbo ilé nínú. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, nítorí ẹsẹ tí wọ́n fi ń nà yín lẹ́gba yẹn, lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ láti fi tú àwọn ènìyàn sílẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì ní ṣókí kí ọkàn yín lè balẹ̀: rárá o. Pọ́ọ̀lù kò sọ̀rọ̀ ọmọ ìyáálé àti ọmọ ìyàwó kejì níbì kankan nínú Gálátíà, kò sì sí àsọtẹ́lẹ̀ kankan nínú ìtàn Íṣímáẹ́lì tó bu àwọn òbí ìyá yín kù. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gba èyí nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò. Sárà ìyàwó Ábúráhámù ló bí Ísáákì; Hágárì ẹrúbìnrin Sárà ló bí Íṣímáẹ́lì fún Ábúráhámù.

Oníwàásù yín kò dá irú kíkà yìí sílẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn Kristẹni ti ń ka ìtàn ìdílé Ábúráhámù bí àpẹẹrẹ, bí òjìji ohun tí yóò ṣẹ nínú Jésù. Májẹ̀mú Tuntun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Hébérù 11:19 ní Ábúráhámù gba Ísáákì padà kúrò nínú òkú ní àpẹẹrẹ. Pétérù kìíní orí 3 so omi ọjọ́ Nóà mọ́ ìrìbọmi. Ní ọ̀rúndún kejì, Melito, bíṣọ́ọ̀bù Sádísì, rí Kristi nínú Ísáákì tí wọ́n dè àti nínú àgbò tí ìwo rẹ̀ há sínú pàǹtírí. Ní ọ̀rúndún kẹta, Origen wàásù pé Ísáákì tó ru igi ẹbọ ara rẹ̀ gun òkè ni òjìji ẹni tó ru àgbélébùú ara rẹ̀. Àwọn Kristẹni Róòmù ya ìtàn náà sára ògiri ibi ìsìnkú wọn lábẹ́ ilẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn irú kíkà bẹ́ẹ̀ gidigidi. Ó ti pẹ́ tí n kò ti lè ka Jẹ́nẹ́sísì 22 kí ọkàn mi má lọ sí Kálífárì.

Àmọ́ gbogbo àpẹẹrẹ kọ́ ló wúwo bákan náà. Èyí tí àpọ́sítélì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ní àṣẹ. Àwọn mìíràn wà tí ìtàn fúnra rẹ̀ jọ, bíi ti Jósẹ́fù tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà, tó sì wá di ẹni tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyàn. Májẹ̀mú Tuntun kò pe Jósẹ́fù ní àpẹẹrẹ Kristi níbì kankan, ṣùgbọ́n ìwàásù Sítéfánù nínú Ìṣe 7 sún mọ́ ọn, ó sì ń gbé ìgbàgbọ́ ró. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọgbọ́n orí ènìyàn ló hun wọ́n. Ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Lẹ́tà Bánábà mú iye 318, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ tí Ábúráhámù kó lọ sójú ogun nínú Jẹ́nẹ́sísì 14, ó ní lẹ́tà Gíríìkì tí wọ́n fi ń kọ iye náà dúró fún orúkọ Jésù àti àgbélébùú rẹ̀. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n èdè Hébérù ni wọ́n fi kọ Jẹ́nẹ́sísì. Ohun tí oníwàásù yín ṣe léwu ju ti Bánábà lọ, nítorí àpẹẹrẹ tó ní àṣẹ gan-an ló mú, tó sì dorí rẹ̀ kodò.

Ẹ wo ohun tó fa lẹ́tà náà. Ní nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn àgbélébùú, àwọn olùkọ́ kan wọ àwọn ìjọ Gálátíà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Wọ́n ń sọ fún àwọn Kèfèrí tó gba Jésù gbọ́ pé ìgbàgbọ́ wọn kò tó, àfi kí wọ́n kọlà kí wọ́n tó lè di ọmọ Ábúráhámù. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn olùkọ́ yìí ló kọ́kọ́ gbé ìtàn Sárà àti Hágárì kalẹ̀, nítorí ó bá ohun tí wọ́n ń wí mu: àwa ni ọmọ Sárà, ẹ̀yin kò sí nínú ìdílé. Pọ́ọ̀lù wá gba ìtàn náà lọ́wọ́ wọn. Ó ní nǹkan wọ̀nyí jẹ́ àpẹẹrẹ, májẹ̀mú méjì ni àwọn obìnrin méjèèjì. Hágárì ni májẹ̀mú òkè Sínáì àti Jerúsálẹ́mù ti ìgbà yẹn. Sárà ni Jerúsálẹ́mù ti òkè, ìyá gbogbo wa. Ó tún fa ọ̀rọ̀ Aísáyà 54 yọ, níbi tí a ti ní kí àgàn máa yọ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ yóò pọ̀ ju ti ẹni tó ní ọkọ lọ.

Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn tí Pọ́ọ̀lù tò sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Sárà ń ṣàn nínú wọn ní tòótọ́, tí wọ́n lè ka ìran wọn títí dé ọ̀dọ̀ Ísáákì, tí wọ́n sì ń fi òfin ṣe ọ̀nà ìgbàlà, ẹ̀gbẹ́ Hágárì ló tò wọ́n sí. Àwọn ará Gálátíà tí kò bá Ábúráhámù tan rárá, tí bàbá ńlá wọn ń bọ òrìṣà, ẹ̀gbẹ́ Sárà ló fi wọ́n sí. Bó bá jẹ́ inú tí wọ́n ti bí ènìyàn ni Pọ́ọ̀lù ń wò, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tó kọ lẹ́tà náà sí tí ì bá jogún ohunkóhun. Orí tó ṣáájú, orí 3 ẹsẹ 28, ló ti sọ pé kò sí ẹrú tàbí òmìnira mọ́, ẹsẹ 29 sì ní bí ẹ bá jẹ́ ti Kristi, irú-ọmọ Ábúráhámù ni yín. Ẹni tó bá fi orí 4 ya àwọn ọmọ bàbá kan náà sọ́tọ̀ nítorí ìyá tó bí wọn, ẹ̀yìn àwọn olùkọ́ tí Pọ́ọ̀lù ń bá jà ló lọ dúró sí.

Bí àríyànjiyàn bá ṣì kù, ẹ ní kí wọ́n wá ka orúkọ àwọn ọmọ Jákọ́bù. Líà ni ìyáálé. Rákélì ni ìyàwó kejì, òun ló bí Jósẹ́fù àti Bẹ́ńjámínì. Ìránṣẹ́bìnrin ni Bílíhà àti Sílípà, bí Hágárì ti jẹ́ gẹ́lẹ́, wọ́n sì bí Dánì, Náfútálì, Gádì àti Áṣérì. Mẹ́rin nínú 12 nìyẹn. Jákọ́bù pe gbogbo wọn jọ nínú Jẹ́nẹ́sísì 49, ó sì sọ ọ̀rọ̀ sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ Kénáánì, ọmọ ẹrúbìnrin gba ìpín, ọmọ ìyáálé gba ìpín. Jósẹ́fù tí àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti pè ní àwòrán Jésù, ọmọ ìyàwó kejì ni. Júdà tí Jésù ti ìran rẹ̀ wá, ọmọ Líà ni, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ràn. Ta wá ni ọmọ ìlérí níbẹ̀, ta sì ni ọmọ ẹran ara? Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé lé yín lórí kò lè wọn ilé Jákọ́bù, bẹ́ẹ̀ inú ilé yẹn ni gbogbo Ísírẹ́lì ti jáde.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ tiẹ̀ dá wọn lóhùn pé ìyá yín kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni. Ọmọ Íjíbítì ni Hágárì, Sárà ló ni ín, ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Àṣà ayé ìgbà yẹn ni. Lára àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú jáde ní Nuzi, ní Ìráàkì, láàárín 1925 sí 1931, ìwé àdéhùn ìgbéyàwó wà tó ní bí ìyàwó kò bá rọ́mọ bí, kó fún ọkọ rẹ̀ ní ẹrúbìnrin. Òfin Hammurabi ọba Bábílónì, ní nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Olúwa, sọ pé bí bàbá bá ti pe ọmọ ẹrúbìnrin ní ọmọ òun nígbà ayé rẹ̀, ọmọ náà yóò bá ọmọ ìyàwó pín ogún. Bí kò bá pè é bẹ́ẹ̀, kò ní pín, ṣùgbọ́n òun àti ìyá rẹ̀ yóò di òmìnira. Ẹni tó bá ka èyí á mọ ìdí tí Sárà fi ń bẹ̀rù, á sì mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi burú lójú Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì 21:11: ọmọ rẹ̀ ni Íṣímáẹ́lì, ó sì ti pè é ní ọmọ. Ìyá yín, ní tiwọn, a dána fún wọn, ẹbí méjèèjì sì mọ̀ sí i. Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí ẹ gbára lé àwíjàre yìí, nítorí ohun tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ ni pé bí wọ́n bá jẹ́ ẹrú ni, ẹ̀gàn náà ì bá tọ́ sí wọn. Àwọn àgbà wa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí. Ìtàn Hágárì nínú Jẹ́nẹ́sísì fúnra rẹ̀ mọ èyí.

Ẹ ka orí 16. Nínú gbogbo ìtàn náà, Sárà àti Ábúráhámù kò fi orúkọ pe Hágárì lẹ́ẹ̀kan. "Ìránṣẹ́bìnrin mi" ni, "ìránṣẹ́bìnrin rẹ" ni, "ẹrúbìnrin yìí" ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó là ẹnu tó pè é ní Hágárì ni áńgẹ́lì Olúwa, létí orísun omi lójú ọ̀nà Ṣúrì, nígbà tó sá jáde pẹ̀lú oyún. Ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti sọ Ọlọ́run lórúkọ, Ọlọ́run tó rí mi, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú Bíbélì tí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọ Ọlọ́run lórúkọ. Kì í ṣe Nóà, kì í ṣe Ábúráhámù.

Ẹ wá gbé orí 21 sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí 22. Nínú orí 21, Ábúráhámù dìde ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ó gbé oúnjẹ àti ìgò awọ omi lé Hágárì léjìká, ó sì rán an lọ. Nínú orí 22, Ábúráhámù dìde ní kùtùkùtù òwúrọ̀, ó sì gbé igi ẹbọ ru Ísáákì. Omi tán nínú awọ ní aginjù Bíá-Ṣébà. Hágárì tẹ́ ọmọ sábẹ́ igi kékeré kan, ó sún sẹ́yìn bí ìwọ̀n ibi tí ọfà lè ta dé, ó jókòó, ó ní òun kò fẹ́ fojú rí ikú ọmọ náà, ó sì bú sẹ́kún. Nínú orí 22, ọ̀bẹ ti wà lókè. Nígbà méjèèjì, áńgẹ́lì ké láti ọ̀run. Nígbà méjèèjì, òbí ríran: Hágárì rí kànga, Ábúráhámù rí àgbò. Ẹni tó kọ ìwé yìí mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ kí a ka àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀, méjèèjì dé ẹnu ikú, méjèèjì ni Ọlọ́run yọ. Bí a bá sì rí Jésù nínú Ísáákì tí wọ́n dè mọ́gi, kí ni yóò dí wa lójú tí a kò fi ní rí i nínú ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ lábẹ́ igi, tí bàbá rẹ̀ ti rán lọ? Mo mọ̀ pé àwọn bàbá ìjọ kò sábà kà á bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé ìtàn náà fàyè gbà á.

Ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí kò nílò kí n fà á gùn. Ọ̀rúndún keje ni Ìsìláàmù bẹ̀rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì ti kú láti ọ̀rúndún kìíní. Júù àti Kèfèrí ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn Kristẹni tó wá lẹ́yìn, bíi John ará Damásíkù ní ọ̀rúndún kẹjọ, ló ń pe àwọn Mùsùlùmí ní ọmọ Íṣímáẹ́lì nínú àríyànjiyàn wọn. Jẹ́nẹ́sísì 16:12 tí wọ́n máa ń kà bí èpè, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ inú igbó ni ẹsẹ náà fi ọmọ náà wé ní èdè Hébérù. Jóòbù 39 sọ irú ẹranko tí ìyẹn jẹ́: ó wà ní òmìnira, kò sí ẹni tó so ó, kì í gbọ́ igbe ẹni tó ń dà á. Ìjà wà nínú ẹsẹ náà, n kò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹrúbìnrin ni a sọ ọ́ fún, ohun tó sì gbọ́ ni pé ọmọ òun kò ní ṣẹrú. Jẹ́nẹ́sísì 17:20 súre fún Íṣímáẹ́lì, ó ní ìjòyè 12 ni yóò ti ara rẹ̀ jáde. Nébáótì àti Kédárì ni ọmọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Aísáyà 60:7 sì sọ pé ọ̀wọ́ ẹran Kédárì àti àgbò Nébáótì yóò gun orí pẹpẹ Olúwa, yóò sì jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà. Ẹni tó bá ń wá àsọtẹ́lẹ̀ nípa ilé Íṣímáẹ́lì, kó mú ìyẹn náà dání. Nígbà tí Ábúráhámù sì kú, Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì ló jọ sin ín sí ihò Mákípélà, Jẹ́nẹ́sísì 25:9.

Ibi tó le wà, n kò ní fi pa mọ́ fún yín. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ fún Ábúráhámù nínú orí 21:12 pé kó gbọ́ ti Sárà, ẹni tó ní kó lé ẹrúbìnrin náà àti ọmọ rẹ̀ jáde, Pọ́ọ̀lù sì fa gbólóhùn líle yẹn yọ gẹ́gẹ́ bí Ìwé Mímọ́. Ìdí tí Ọlọ́run fi yan ẹnì kan tí kò yan èkejì, Róòmù 9 sọ ọ́, àwọn Kristẹni kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀ títí dòní. Ohun tó dá mi lójú ni pé yíyàn Ísáákì kò sọ Íṣímáẹ́lì di ẹni ìkórìíra. John Chrysostom, tó wàásù lórí Gálátíà ní Áńtíókù ní ọ̀rúndún kẹrin, kìlọ̀ níbẹ̀ pé ìtàn náà dúró bó ṣe wà, ó kàn tún ń kéde ohun mìíràn ni. Nígbà tí a bá gbàgbé ìtàn tí a gbé òjìji nìkan, ìyà ló máa ń bí. Augustine, ẹni ńlá nínú ìgbàgbọ́, lo ìyà tí Sárà fi jẹ Hágárì láti fi gbè é lẹ́yìn pé kí ìjọba fagbára mú àwọn Kristẹni ẹgbẹ́ Donatus ní Àríwá Áfíríkà padà sínú ìjọ. Bákan náà ni àwọn míì fi orí 4 yìí kan náà bú àwọn Júù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, bí ẹni pé Pọ́ọ̀lù kò kọ Róòmù 11 pé Ọlọ́run kò ta àwọn ènìyàn rẹ̀ nù. Bí ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè ṣì í lò, kò yà mí lẹ́nu pé oníwàásù yín náà ṣì í lò, n kò sì rò pé ìkà ènìyàn ni.

Ó wá ku ohun tí ẹ máa ṣe. Ọ̀rọ̀ ogún kúrò lórí pẹpẹ ìwàásù pátápátá. Òfin Mósè kan ṣoṣo tó dá sí ogún àwọn ọmọ obìnrin méjì, Diutarónómì 21:15-17, ààbò ló fi bo àkọ́bí tó jẹ́ ọmọ obìnrin tí ọkọ kò fẹ́ràn. Àṣà ìdí-igi tiwa náà, iye obìnrin tó bímọ ni wọ́n fi ń pín in, ìdí ìyá yín yóò sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìyáálé. Ṣùgbọ́n bí ìyáálé bá jẹ́ alárédè, tàbí tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ lábẹ́ òfin. Lọ́yà ni kí ẹ bi, kì í ṣe èmi. Ní ti oníwàásù, ẹ mú àgbà ìjọ kan dání, ẹ lọ bá a ní kọ̀rọ̀, ẹ ní kó jọ̀ọ́ ka orí 3 àti 4 pa pọ̀, kó sì sọ fún yín àwọn tí Pọ́ọ̀lù fi sí ẹ̀gbẹ́ Hágárì. Ó lè gbà, kó sì tún un sọ láti orí àga ìwàásù kan náà. Ó sì lè má gbà; bí kò bá gbà, kò sí ọ̀ranyàn pé kí ẹ máa jókòó gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń bú ìyá yín.

Gúrúùpù ẹbí ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ dá ẹsẹ padà níbẹ̀, ilẹ̀ á ṣú kí ẹ tó parí, àwọn ọmọdé tó wà níbẹ̀ á sì máa kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dákẹ́ pátápátá, ó lè dà bíi pé ẹ gbà. Èyí tí mo rò pé ó tó rèé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ẹsẹ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka Gálátíà 3:26-29 mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ogún bàbá, ẹ jẹ́ ká fi lé àwọn àgbà ẹbí àti lọ́yà lọ́wọ́." Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yẹn lórí fóònù, tàbí kẹ́ ẹ lọ bá a nílé bí ara yín bá gbà á, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ bàbá kan náà.